Òpó Àtijọ́, Òkè Tuntun

Ìyá mi wà nídìí òfì nígbà tó bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lọ́hùn-ún. Lórí fóònù, "iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, Màámi" ni mo máa ń sọ, òun náà á ní, "Okun o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ yìí mo wálé sí Ògìdì, mo gbé àpótí kalẹ̀, mo jókòó tì í. Kò sí owó fóònù tó ń jó lọ láàárín wa mọ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ wo?"

"Àga ni, Màámi. Àga tí okùn irin ń gbé gun òkè."

"Ta ní ń jókòó sí i?"

"Àwọn tó fẹ́ fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ lórí òjò dídì."

Ó fi ọwọ́ lé òwú, kò hun ún. "Wọ́n á gun òkè, kí wọ́n lè yọ̀ wálẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n á tún wá gùn ún padà?"

"Títí ilẹ̀ á fi ṣú, Màámi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mirí. Lẹ́yìn náà ló béèrè bó ṣe jẹ́ tí okùn náà kì í fi í tán tó bá ti gbé wọn dókè. Mi ò rí nǹkan tí mo lè tọ́ka sí ju òfì tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Òfì àwọn ìyá wa, èyí tó máa ń dúró ti ògiri, igi méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Òwú tí wọ́n bá ta sí i kì í lórí, kì í nídìí: ńṣe ló yí igi méjèèjì po. Bí aṣọ bá ti ń gùn sí i, ìyá mi á fà á wálẹ̀, á yí i gba ẹ̀yìn, òwú tí kò tíì fọwọ́ kàn á sì sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Mo ní, "Ẹ wò ó, Màámi. Ẹ fi àgbá kẹ̀kẹ́ irin dípò igi òkè, ẹ fi òmíràn dípò igi ìsàlẹ̀. Ẹ wá fi àga kọ́ ara òwú."

Ó wo òfì rẹ̀ títí. Ó ní, "Ó yé mi. Níbo wá ni wọ́n ti so ó?"

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà nídìí ẹ̀rọ yẹn kí ìbéèrè yìí tó sọ sí mi lọ́kàn. Ìyá mi kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní màá sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mò ń kọ síbí.

Kí n tó rìnrìn àjò, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ọ̀bàjànà ni mo wà, nídìí bẹ́líìtì gígùn tó ń gbé òkúta. Níbẹ̀ ni mo ti mọ bí bíárìn ṣe ń ké kó tó kú, tí mo sì mọ̀ pé gíábọ́ọ̀sì tó bá ń gbóná ju bó ti yẹ lọ ń sọ nǹkan fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ìmọ̀ yìí ló gbé mi dé òkè kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Montana. Kì í ṣe irú ibi tí àwọn olówó ń wọ bàálù lọ o. Ẹgbẹ́ ará ìlú ló ni òkè náà, bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tiwa níbí. Tíṣà ń já tíkẹ́ẹ̀tì, àgbẹ̀ ń wa katakata tó ń tẹ́ òjò dídì, ìyàwó pásítọ̀ ló ń ta ọbẹ̀ gbígbóná. Ọmọ ìlú tí kò lówó lọ́wọ́ náà ń ṣe ski, ìyẹn fífi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ wálẹ̀, níbẹ̀.

Chairlift tí wọ́n ní, ìyẹn ẹ̀rọ àga olókùn náà, ti gbó kọjá àtúnṣe. Tuntun, mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń dá lé e, kì í sì í ṣe mílíọ̀nù kan. Ẹgbẹ́ kò ní in. Ní àwọn òkè ńlá, wọ́n ń pààrọ̀ àwọn chairlift tí àga wọn dì mọ́ okùn pinpin, èyí tí kì í sáré ju nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n ń fi irú èyí tí àga rẹ̀ ń jáwọ́ lára okùn tó bá dé ibùdókọ̀ rọ́pò wọn, tí ìyẹn ń sáré tó mítà márùn-ún. Èyí tí wọ́n bá tú, àwọn òkè kéékèèké ló ń rà á. Báyìí ni ẹgbẹ́ wa ṣe ra tòkunbọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti gbà pé àwa là ń ra ohun tí òyìnbó ti lò kù. Mọ́tò bàbá mi, fíríìjì ìyá mi, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Mi ò mọ̀ pé òyìnbó náà ń ra ti òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń kó o sórí tírélà, tó ń gbàdúrà sí i. Ohun tí mo wá kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gba tòkunbọ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí ìtàn yìí dùn mọ́ ìyá mi jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló bí chairlift. Ní 1936, ilé iṣẹ́ reluwé Union Pacific ṣí ibi ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sun Valley, ní ìpínlẹ̀ Idaho, tó bá Montana pààlà. Wọ́n ń wá ọ̀nà tí àlejò yóò fi máa gun òkè láìrẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn, James Curran, mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ olóoru, tí ìwọ̀ ń rọ̀ lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí okùn sì ń fà wọ́n lọ. Ó yọ ìwọ̀, ó fi àga sí i. Kí wọ́n tó gbé e lọ sórí òkè, wọ́n de àga mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹrù ní Omaha, ilẹ̀ tó tẹ́jú, láti mọ bí wọ́n ṣe lè sáré tó tí àga á fi gbé ẹni tó dúró láìgbé e ṣubú. Ìyá mi ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa yìí?" Mo ní òun náà ni.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa ronú pé a kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. A ní in. Èyí tó wà ní Obudu, ní Cross River, ilé kékeré ló so mọ́ okùn tiẹ̀ dípò àga, ó sì gùn tó kìlómítà mẹ́rin. Ìlànà kan náà ni.

Oṣù Kárùn-ún la lọ tú ẹ̀rọ wa lórí òkè tó ti wá. Ìyẹn kò le. Ẹ dẹ okùn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ tú àga, ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára gbogbo nǹkan, ẹ fi kírénì gbé òpó. Òpó mẹ́rìnlá. Mo rò pé bí a bá ti dé òkè tiwa, ká gbẹ́ ihò mẹ́rìnlá ló kù.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Òpó chairlift kò dà bí òpó iná NEPA tó jẹ́ pé ibi tó bá wù ẹ́ lo lè rì í mọ́. Òkè kan ṣoṣo ni wọ́n gé e fún. Níbi tí òkè bá ti yọ gọngọ, okùn á máa tẹ kẹ̀kẹ́ orí òpó mọ́lẹ̀; níbi tí ilẹ̀ bá ti kòtò, okùn fúnra rẹ̀ á fẹ́ fò sókè nítorí bí wọ́n ṣe fà á le, nítorí náà òpó ibẹ̀ ní láti gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sókè okùn, kó máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Èyí tó léwu jù ni òpó tí okùn kàn ń fara kàn fẹ́rẹ́, tí kò tẹ̀ ẹ́, tí kò sì fà á. Atẹ́gùn díẹ̀, okùn ti jáde lójú kẹ̀kẹ́. Bó o bá gbé òpó wọ̀nyí lọ sórí òkè mìíràn bí wọ́n ṣe wà, èyí tó yẹ kó ru ẹrù lè máà ru nǹkan kan, èyí tó yẹ kó tẹ̀ lè wá máa gbé. Ẹnjiníà tún gbogbo ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú òpó mẹ́rìnlá, mẹ́wàá la lò: márùn-ún wà bí wọ́n ṣe wà, a gé mẹ́ta kúrú, a jó irin tuntun mọ́ méjì kí wọ́n lè ga sí i. Mẹ́rin tó kù di ibi tí a ti ń bọ́ nǹkan lò.

Ìwé ẹ̀rọ ló wá kàn. Àwọn tó tà á fún wa ti ṣèlérí pé àwọn yóò kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún wa: wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n yẹ okùn wò, ibi tí irin ti sán rí, ẹni tó tún un ṣe. Páálí kan ló dé, kò kún dé ìdajì. Wọ́n ní omi wọ ilé tí wọ́n kó àwọn tó kù sí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà sì ti kógbá sílé. Èyí kì í ṣe ohun tuntun lágbo wọn. Riblet, ilé iṣẹ́ chairlift kan ní Spokane, tó ti ń fi okùn gbé òkúta ìwakùsà kó tó di pé ó ń fi okùn gbé ènìyàn, ti pa ilẹ̀kùn dé ní 2003, àga rẹ̀ ṣì ń gòkè títí dòní níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ìwé rẹ̀ ló kù tó lè sọ̀rọ̀ fún un. Tiwa kò ní ìwé.

Ọ̀gá wa, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò bínú. Ó ní bí ìwé kò bá sọ ọ́, irin á sọ ọ́. Ó ní ká tú gbogbo ìdìmú àga sílẹ̀, ìyẹn irin tó ń gbá okùn mú bí ẹ̀mú. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni. A ha ọ̀dà ara wọn kúrò títí wọ́n fi ń dán. A kó wọn wọ yàrá tí a fi aṣọ dúdú dí fèrèsé rẹ̀, obìnrin kan tó gbàwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Á fi iná mànàmáná sọ irin di òòfà, á da omi tí lẹ́búlẹ́bú irin wà nínú rẹ̀ sí i, á wá tan iná aláwọ̀ àlùkò kan sí i. Bí irin bá wà ní pípé, kò sí ohun tí wàá rí. Bó bá ti sán, lẹ́búlẹ́bú á sá lọ dì sójú ibẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan á sì tàn nínú òkùnkùn, àwọ̀ ewé tútù, bí ẹní fi abẹ́rẹ́ fà á. Mo mú ọ̀kan tó tàn bẹ́ẹ̀ jáde sínú oòrùn. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo fi èékánná tọ́ ọ. Mi ò rí nǹkan kan. Ìdìmú yẹn ìbá gbé ìyá àti ọmọ.

Mọ́kànlá ló sán nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá ti kó ìwé náà fún wa, bóyá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ la ò bá kàn ṣí. Ohun tó ń dùn mí nípa ọ̀rọ̀ yẹn títí di ìsinsìnyí ni pé ẹnì kan mọ̀ rí. Ẹnì kan ti dúró sábẹ́ irú iná yẹn lọ́jọ́ kan, ó kọ ohun tó rí, ìmọ̀ rẹ̀ sì rà sínú páálí.

Àṣìṣe tèmi náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó da kọnkéré sí ìpìlẹ̀ òpó, férémù onípákó la fi ń di àwọn bóòtù ńlá mú kí wọ́n má baà yẹ̀. Àmì kan wà lára férémù náà tó gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí okùn á gbà. Nídìí òpó kẹjọ, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ilẹ̀ ni mo tẹ̀ lé, mi ò tẹ̀ lé ojú okùn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Kọnkéré gan. Hẹlikóbítà gbé òpó wá, a dì í, ó dúró ṣánṣán, mo tilẹ̀ yà á ní fọ́tò.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí a ń yí okùn lásán láti dán an wò, òjò dídì àkọ́kọ́ ti bọ́, ó tẹ́ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ń rìn lọ lábẹ́ òpó, mo rí ìyẹ̀fun dúdú lórí funfun náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Mo bu ú, mo fi ọwọ́ rà á. Rọ́bà ni. Okùn ń jẹ rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ òpó kẹjọ nítorí orí òpó kò kọjú sí i dáadáa. Àyà mi já. Mo lọ bá ọ̀gá, mo sọ fún un pé èmi ni.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi tú orí òpó náà, tí a yí i, tí a tún un dì, nínú òtútù tó ń mú kí sípánà lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́. Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ sí mi. Nígbà tí a parí, ó gbé ìwé tuntun tí a ṣí fún ẹ̀rọ náà fún mi, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: òpó kẹjọ, ohun tí mo ṣe, bí a ṣe tún un ṣe, ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ máa wò. Mo kọ ọ́. Ó le láti kọ ju bó ṣe le láti sọ lọ.

Màámi, mo ti dé ibi ìsoo rẹ̀ báyìí.

Wọn kì í ta kókó sí okùn chairlift. Kókó kò lè gba orí kẹ̀kẹ́ kọjá. Okùn tuntun ni a rà, ó nípọn ní mílímítà 35, fọ́nrán irin mẹ́fà ló lọ́ mọ́ra yí okùn àárín kan ká, èyí tí à ń pè ní inú. Ẹni tó ń so ó, iṣẹ́ ìyẹn nìkan ló ń ṣe. Láti òkè dé òkè ni wọ́n ń pè é. Ìlànà wọn ni pé ibi ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó nǹkan bí ìlọ́po 1200 ìnípọn okùn. Tiwa jẹ́ mítà 42, ìyẹn ni pé ó gùn ju láti ẹnu ọ̀nà ìyá mi dé ìdí igi máńgòrò tó wà lójú títì. Orí okùn méjèèjì ni wọ́n tú, fọ́nrán mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Wọ́n á yọ fọ́nrán kan kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n á sì máa fi ti apá òsì tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́ nínú ojú ọ̀nà kan náà, bí ẹni tó ń bọ́ sínú ipasẹ̀ ẹlòmíràn. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, wọ́n á ṣí okùn láàárín, wọ́n á yọ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á ki ìrù fọ́nrán náà wọ ibẹ̀ dípò inú. Ibi mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra. Èèyàn mẹ́jọ ló ń fi igi lọ́ ọ nígbà tí ọkùnrin náà ń fi òòlù onírọ́bà lù ú wọlé. Láti òwúrọ̀ kùtù ni, ilẹ̀ ti ṣú ká tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi irin ìwọ̀n wọn ìnípọn rẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é, èmi ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó pa ojú dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ okùn náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ han ìyá mi lórí fóònù. Ó fi ìka fẹ̀ ẹ́ títí kò lè fẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí mọ iṣẹ́." Ó wá fi ibi tí òun ti so òwú méjì pọ̀ lára aṣọ rẹ̀ hàn mí. Ojú mi kò rí i, ìka mi ló rí i.

Kí ènìyàn tó jókòó sórí ẹ̀rọ náà, omi ló kọ́kọ́ gùn ún. Ìlànà Amẹ́ríkà, ANSI B77.1, ní kí ẹrù tí wọ́n á fi dán an wò tó ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó yẹ kó rù. A kó àgbá omi sórí àga apá tó ń gòkè nìkan, apá tó ń bọ̀ ṣófo, a wá pa iná lójijì. Ìbẹ̀rù gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí ni kí ẹ̀rọ máa yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù lórí. Bíréèkì mú un. Ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. A ṣe é léraléra, a tún fi ẹ́ńjìnnì onídíísù yí i, nítorí bí iná bá lọ, o kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ sójú òfuurufú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ gùn ún. Abẹ́ òpó kẹjọ ni mo dúró sí látàárọ̀, mò ń wo ilẹ̀. Ó funfun.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí mo sọ ìtàn yìí tán, àwọn ìyá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò wa wá kí mi. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, tòkunbọ̀, láti Lọ́kọ́ja. Owó tí wọ́n ti ń dá láti ọdún méjì ni. Wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa gbé e kalẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àga gòkè." Mo lọ wò ó. Wọ́n ti da kọnkéré sílẹ̀ dè é, bóòtù sì ti wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹ̀rọ wọn àtijọ́. Ihò ìdí tòkunbọ̀ kò bá bóòtù náà mu. Ó kù ìka méjì.

Mo pe ẹni tó tà á. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo ni ẹ̀rọ yìí ti ṣiṣẹ́ rí?" Ó ní, "Tòkunbọ̀ ni, ọ̀gá mi." Mo ní mo mọ̀, pé kí ló ti ń lọ̀, ọdún mélòó, kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀ rí? Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fọkàn balẹ̀." Kò bínú, kò sì purọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún òun náà.

Mo ní kí wọ́n má tíì yí i. Mo tú ìdérí bíárìn. Gírísì inú ọ̀kan ti funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ìyá tó ń ṣe akápò bi mí pé ṣé wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ ni. Mo ní rárá, pé ìwé rẹ̀ ni kò bá a wá.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bi ìyá mi níbo ló ti rí igi òkè òfì rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní ti ìyá òun ni, pé àbúrò ìyá òun ló gbẹ́ ẹ, pé ó sán lápá òsì lọ́dún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, pé bàbá mi ló fi wáyà dì í, pé láti ọjọ́ náà òun kì í fa òwú le jù lápá ibẹ̀. Mo ti ń wo wáyà yẹn láti kékeré.

Mo ra ìwé olójú ewé ọgọ́ta ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sẹ́yìn rẹ̀, mo kọ déètì sí ojú ewé kìíní, mo kọ: bíárìn apá ọ̀tún, omi wọ̀ ọ́, a pààrọ̀ rẹ̀. Mo tún fa ìlà kan gba orí "a pààrọ̀ rẹ̀" nítorí a kò tíì rí i rà. Ọmọ akápò wọ mọ́tò lọ sí Kàbà láàárọ̀ òní láti lọ wò ó. Bí kò bá sí níbẹ̀, Lọ́kọ́ja ló ń bọ́ sí. Kọnkéré náà, ọ̀la la máa fọ́ ọ.